Ǹjẹ́ Asán ni Àánú tí a Ń Ṣe fún Ẹranko?

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dìde ní ọkàn ènìyàn nígbàkúùgbà tí àjálù ńlá bá dé bá ilẹ̀ kan, tí ènìyàn àti ẹranko sì jọ jìyà rẹ̀ pọ̀. Ìbéèrè náà nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa ná owó, kí a máa lo àkókò, kí a sì máa ṣe làálàá lórí ẹranko tí ó fara pa, nígbà tí ọmọ ènìyàn ń sunkún ilé àti ará rẹ̀ tí ó ṣègbé? Àwọn kan yóò dáhùn lọ́gán pé kò tọ́. Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹni tí ó bá lè bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti yigbì. Àwa kò fẹ́ yára gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí, a ó mú ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìhà rẹ̀. Ọ̀ràn náà ni ti iná igbó tí ó jó ní ilẹ̀ Ọsirélíà láti apá ìparí ọdún 2019 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, àti ti àwọn ilé tí a ti ń tọ́jú ẹranko igbó tí iná náà jó tàbí tí ó lé kúrò ní ibùgbé wọn.

Ilẹ̀ Ọsirélíà wà ní ìhà gúúsù ayé, níbi tí oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní jẹ́ àkókò ooru fún wọn. Ọdún 2019 ni ó gbóná jù, tí ó sì gbẹ jù, nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń wọn ooru àti òjò ní ilẹ̀ náà títí di ìgbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún náà, bí a bá pín ooru ọ̀sán gbogbo ilẹ̀ náà dọ́gba, ó dé ìwọ̀n 41.9 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Koríko gbẹ, ilẹ̀ là, ewé igi eucalyptus tí ó kún fún òróró sì di oúnjẹ fún iná. Mànàmáná dá iná sí igbó níbi púpọ̀, ọwọ́ ènìyàn sì dá a sí ibòmíràn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé e, ó di ohun tí apá kò ká mọ́.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ilẹ̀ náà yàn láti wádìí ọ̀ràn náà jábọ̀ ní ọdún 2020 pé ènìyàn 33 ni ó kú nínú iná náà, pé ilé tí ó ju 3,000 lọ ni ó jó, àti pé ilẹ̀ tí iná jó kọjá mílíọ̀nù 24 hẹ́kítà. Èéfín bo àwọn ìlú ńlá mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé èéfín náà tún pa ènìyàn tí ó ju 400 lọ. Ní ti ẹranko, wọ́n ṣírò pé àwọn tí iná náà pa, tàbí tí ó lé kúrò ní ibùgbé wọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 3. Iye yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn ènìyàn kò lè gbà á. Ohun tí ọkàn kò sì lè gbà, kì í pẹ́ tí í fi gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú bẹ ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtọ́jú náà wò. Ní ìlú Port Macquarie, ní etí òkun ìpínlẹ̀ New South Wales, ilé-ìwòsàn kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 nítorí irú ẹranko kan ṣoṣo, èyíinì ni kòálà. Kòálà jẹ́ ẹranko onírun eérú, tí kò tóbi ju ajá kékeré lọ. Orí igi ni ó ń gbé, ewé eucalyptus sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Abo rẹ̀ a máa gbé ọmọ sínú àpò tí ó wà ní ikùn rẹ̀, títí ọmọ náà yóò fi lágbára tó láti di ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mú. Bí ewu bá dé, kòálà kì í sá lọ lórí ilẹ̀ bí àgbọ̀nrín. Òkè ni ó ń gùn lọ, a sì ká ara rẹ̀ jọ sí orí ẹ̀ka. Ìwà yìí ni ó ń gbà á lọ́wọ́ ajá. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé, ìwà kan náà ni ó ń pa á.

Púpọ̀ nínú àwọn tí a gbé dé ibẹ̀ ní ìparí ọdún 2019 ni àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti jó, nítorí igi gbígbóná ni wọ́n gùn, ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n sì rìn lé. Iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àṣehàn. A ní láti fún ẹranko náà ní oògùn oorun kí a tó lè tọ́jú egbò rẹ̀, nítorí ẹranko igbó ni, kò sì mọ̀ pé ẹni tí ó di òun mú fẹ́ ire fún òun. A ó fọ egbò náà, a ó fi oògùn pa á, a ó sì fi aṣọ dì í. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan a ó tú u, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ wá ewé tútù fún un. A gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ èékánná rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kòálà tí kò bá ní èékánná kò lè gun igi, èyí tí kò bá sì lè gun igi kò lè yè nínú igbó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni kò gba owó oṣù. Ṣe ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn.

Àṣà kan wà ní ilé-ìwòsàn náà tí ó wọ̀ wá lọ́kàn. Kòálà kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé wá ni a ń sọ lórúkọ, orúkọ náà a sì ní apá méjì: apá kan jẹ́ orúkọ ibi tí a ti rí i, apá kejì sì jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Àwa Yorùbá a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ń rán olùtọ́jú létí pé ẹranko tí ó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ohun-ìní òun. Ó ní ilé tí ó ti wá, bí ó bá sì ṣeé ṣe, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó padà sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó lòdì sí irú ìtọ́jú yìí. Èkínní, wọ́n ní ènìyàn ni ó ṣáájú. Olúwa wa tìkára rẹ̀ kọ́ni pé ọmọ ènìyàn níye lórí ju ọ̀pọ̀ ológoṣẹ́ lọ. Nígbà tí ilé-ìwòsàn Port Macquarie bẹ ará ayé pé kí wọ́n dá 25,000 dọ́là jọ, kí a lè gbé omi mímu kalẹ̀ fún ẹranko nínú igbó tí ó jó, owó tí ó wọlé ju mílíọ̀nù 7 dọ́là lọ. Wọ́n wá béèrè pé: ǹjẹ́ kò sí opó tí ilé rẹ̀ jó? Ǹjẹ́ kò sí ọmọ tí baba rẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́ panápaná?

Ẹjọ́ yìí lágbára, àwa kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí ọmọ ènìyàn àti ẹranko bá wà nínú ilé kan tí ń jó, tí a kò sì lè gbé ju ọ̀kan lọ, ọmọ ènìyàn ni a ó gbé jáde; ẹni tí ó bá ṣe òdìkejì rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀ràn máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àánú kì í ṣe ọbẹ̀ inú ìṣaasùn, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá bù fún àlejò, ti ọmọ yóò dín. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìpè kan ṣoṣo tí a ṣe nítorí àwọn panápaná ilẹ̀ náà mú owó tí ó ju mílíọ̀nù 50 dọ́là wọlé. Ọkàn tí ẹranko jíjó mú gbọ̀n kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di fún ènìyàn. Àwa pẹ̀lú ti rí i ní àyíká wa pé ọwọ́ tí ń na ẹran ọ̀sìn ní ìnàkúnà kì í pẹ́ kí ó tó na ọmọ ọ̀dọ̀. A kò tí ì rí ẹni tí ó ti ipa ìkà sí ẹranko kọ́ àánú sí ọmọnìkejì rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ Ìwé Mímọ́ ni a fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí, kí a rántí pé nígbà tí Ọlọ́run ń sọ fún wòlíì Jónà ìdí tí òun fi dá Nínéfè sí, kì í ṣe àwọn ọmọ ìlú náà nìkan ni ó kà. Ó ka ẹran ọ̀sìn wọn mọ́ wọn.

Èkejì, wọ́n ní iṣẹ́ náà kò lè kúnjú ọ̀ràn. Nígbà tí ẹranko bílíọ̀nù 3 ti jìyà, kí ni egbò ọ̀kan tí a dì? Ṣé kì í ṣe bí ẹni tí ń fi igbá gbọ́n omi òkun ni? Àwọn tí ń wí báyìí ń fi ìṣirò dá ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ìṣirò. Ìrora kì í lò pọ̀ di ọ̀kan bí omi odò. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ni ó ń jẹ ìrora tirẹ̀, bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà ní ayé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú ìrora kúrò lára ọ̀kan kò mú ìdá kékeré kúrò; ó mú gbogbo èyí tí ẹ̀dá náà ní kúrò. Àwọn àgbà wa mọ èyí. Wọ́n ní ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí yóò ti rí. Wọn kò sọ pé ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹyẹ. Ẹyọ kan ni wọ́n wí. Olùṣọ́-àgùntàn inú òwe Olúwa wa pẹ̀lú kò jókòó ṣírò pé ọ̀kan péré ni ó sọnù nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kẹta wà tí ó le ju méjèèjì wọ̀nyí lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, obìnrin kan ń wakọ̀ lọ nínú igbó ìpínlẹ̀ New South Wales, ó sì rí akọ kòálà kan tí ó sọdá ọ̀nà wọ àárín iná lọ. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, ó fi wé ẹranko náà, ó gbé e jáde, ó da omi sí i lára, ó sì fún un ní omi mu. A ya àwòrán rẹ̀, gbogbo ayé sì rí i. Ní Port Macquarie tí a gbé e lọ, a pè é ní Ellenborough Lewis. Ẹni ọdún 14 ni, èyí tí í ṣe ọjọ́ ogbó fún kòálà, iná sì ti jó o púpọ̀. Àwọn olùtọ́jú sa gbogbo agbára wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, nígbà tí wọ́n tú aṣọ egbò rẹ̀ tí wọ́n sì rí i pé ṣe ni ó ń burú sí i, tí kò sì ní jinná mọ́, wọ́n fún un ní oògùn tí ó fi sùn tí kò jí mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sunkún nítorí rẹ̀. A sì lè béèrè pé: kí wá ni èrè àánú obìnrin náà? Ó gbà á lọ́wọ́ ikú, ikú náà sì tún pa á. Èsì wa nìyí. Àánú kì í ṣe òwò, tí a ń dúró de èrè kí a tó mọ̀ bóyá ó dára. Nígbà tí obìnrin náà bọ́ aṣọ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un bóyá ẹranko náà yóò yè tàbí yóò kú. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹ̀dá kan ń jó lójú òun, ọwọ́ òun sì tó o. Bí kò bá dúró, inú ìbẹ̀rù àti iná ni kòálà náà ì bá kú sí. Nítorí pé ó dúró, ojú oorun ni ó kú sí, lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣàánú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe èyí ní asán, kò tí ì jẹ̀rora rí.

Kí a sì kíyè sí ohun tí àwọn olùtọ́jú náà ṣe. Ní àkókò náà, bóyá ni kòálà mìíràn wà tí ayé mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òkìkí tàbí owó ni wọ́n ń wá, wọn ì bá dá a sí kí ó máa jẹ̀rora, kí àwọn ènìyàn lè máa wá wò ó. Ohun tí ó ṣe ẹranko náà ní rere ni wọ́n yàn, kì í ṣe ohun tí ó ṣe wọ́n ní rere. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lórí ẹranko kí ó fi í lé orí ọmọ ènìyàn, nítorí ẹ̀mí ènìyàn kò sí ní ìkáwọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún gbogbo wa: àánú tí ó wà nítorí kí ojú aláàánú lè dán, ìfẹ́ ara-ẹni ni, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ àánú.

Bí a bá ti gbà pé àánú yìí kì í ṣe asán, ó kù kí a béèrè irú èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́. Àánú gbọ́dọ̀ ní ìmọ̀. Nínú ìgbà iná náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rí kòálà tí òùngbẹ ń gbẹ, wọ́n sì fẹ́ da omi inú ìgò sí i lẹ́nu. Àwọn olùtọ́jú kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí a bá gbé orí ẹranko náà sókè tí a sì da omi sí i lẹ́nu, omi lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ kí ó sì pa á. Kí a bu omi sínú àwo, kí a gbé e síwájú rẹ̀, kí ó fúnra rẹ̀ lá a. Omi kan náà, ọwọ́ kan náà, ìfẹ́ kan náà. Ìmọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀, òun ni ó sì ya ìyè kúrò lára ikú. Bákan náà ni ìjọba New South Wales, ní oṣù Kìíní ọdún 2020, fi ọkọ̀ òfuurufú ju ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì tí ó ju 2,000 kílógíráàmù lọ sí àárín àwọn òkè àpáta, fún irú kangarúù kékeré kan tí ń gbé inú pàlàpálá. Àwọn ẹranko náà bọ́ lọ́wọ́ iná, ṣùgbọ́n iná ti jẹ gbogbo koríko tí ó yí wọn ká. Ẹni tí ó bá rò pé bí iná bá ti kú, ewu ti tán, kò mọ̀ pé ebi ń tẹ̀lé iná bọ̀ lẹ́yìn.

Àánú gbọ́dọ̀ kọ́ láti rí ohun tí ojú kì í fẹ́ wò pẹ̀lú. Yorùbá ní ojú ni ó ń rójú ṣàánú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà, nítorí ojú a máa yan ohun tí ó wù ú. Kòálà ní ojú tí ó dà bí ti ọmọ ọwọ́, nítorí náà gbogbo ayé sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹranko bílíọ̀nù 3 tí a sọ, èyí tí ó lé ní bílíọ̀nù 2 ni ó jẹ́ ejò, alángbá, àti àwọn ẹ̀dá afàyàfà mìíràn. Ta ni ó bọ́ aṣọ rẹ̀ nítorí alángbá?

Ẹ bá wa kọjá láti Port Macquarie lọ sí Erékùṣù Kangaroo ní apá gúúsù ilẹ̀ náà, kí a rí bí ọ̀ràn yìí ti le tó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2020, iná ru níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó pa ènìyàn 2. Kí ó sì tó kú, ó ti jó nǹkan bí ìdajì erékùṣù náà. Ọgbà ẹranko kan tí ó wà nítòsí ìlú kékeré Parndana di ilé-ìwòsàn lójú kan náà, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kòálà ni a sì gbé wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòálà kì í ṣe ọmọ bíbí erékùṣù náà. Ènìyàn ni ó kó díẹ̀ lọ síbẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1929, kí irú wọn má baà run. Kí iná tó dé, a fojú díwọ̀n wọn sí nǹkan bí 50,000. Wọ́n ti pọ̀ jù fún igi tí wọ́n ń jẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ń wá ọ̀nà, láti àwọn ọdún 1990, láti mú kí ọmọ tí wọ́n ń bí dín kù. Ní erékùṣù kan náà, ẹranko kékeré kan wà tí ó jọ eku, tí a ń pè ní dunnart, tí kò sí irú rẹ̀ ní ibòmíràn ní gbogbo ayé. A rò pé kò tó 500 kí iná tó jó, iná sì jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ibùgbé rẹ̀. Àwọn tí ó kù kò rí koríko tí wọn yóò sá pamọ́ sí mọ́, ológbò tí ó ti di ẹran igbó sì ń pa wọ́n jẹ. Àwọn kan ní láti ṣe ọgbà yí ibi tí ó kù fún wọn ká, kí wọ́n sì máa mú ológbò.

Èwo ni kí a ṣàánú nínú wọn? Àwa rò pé gbèsè méjì ni ó wà níhìn-ín, kò sì yẹ kí a fi ọ̀kan san èkejì. A jẹ kòálà tí ó fara jó ní gbèsè àánú, nítorí pé ó ń jẹ̀rora. Kò sì sí ẹni tí ó lè bi aláìsàn ibi tí baba rẹ̀ ti wá kí ó tó di egbò rẹ̀. A jẹ dunnart ní gbèsè ìríjú, nítorí bí irú rẹ̀ bá run, kò sí ọwọ́ ènìyàn tí ó lè tún un dá. Ológbò náà ńkọ́? Kò ṣẹ̀, ènìyàn ni ó gbé e wá sí erékùṣù náà, ohun tí Ọlọ́run sì dá mọ́ ọn ni ó ń ṣe. Síbẹ̀ a ní láti mú un kúrò. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìríjú yóò ṣe ohun tí ó dun òun nígbà mìíràn. Bí kò bá dùn ún, kí ó bẹ̀rù ara rẹ̀.

Ibi tí gbèsè wọ̀nyí ti wá kò sì pamọ́. Kì í ṣe mànàmáná nìkan ni ó jó ilẹ̀ Ọsirélíà. Ní ọdún 2020 àwọn onímọ̀ fi hàn pé gbígbóná tí ayé ń gbóná sí i nípa iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ti mú kí irú ojú ọjọ́ tí ń ru iná bẹ́ẹ̀ sókè túbọ̀ máa wáyé. Igbó tí a ti gé kúrò kí iná tó dé kò sì fi ibi púpọ̀ sílẹ̀ fún ẹranko láti sá lọ. Ìwé Mímọ́ sọ pé a fi ènìyàn jọba lórí ẹranko. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ oyè mọ̀ pé ọba tí ó bá jẹ ìlú rẹ̀ run kò ní ẹni tí yóò jọba lé lórí mọ́. Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a mọ bí ọdẹ ti í ti iná bọ igbó nítorí ọ̀yà kan, tí iná náà yóò sì jó oko olóko, àti ìtẹ́ ẹyẹ, àti ìjàpá tí kò lè sáré. Ẹni tí ó ti iná bọ igbó lè máà rí ohun tí ó jó, ṣùgbọ́n àìrí kì í pa gbèsè rẹ́.

Àánú tún gbọ́dọ̀ pẹ́. Òróró tí ó wà nínú igi eucalyptus ni ó ń mú kí iná jó o kíákíá. Ṣùgbọ́n ìrúwé wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ tí iná kì í sábà dé. Kì í pẹ́ lẹ́yìn iná tí ewé tuntun yóò fi rú jáde lára ìtì dúdú náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Yorùbá ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Igi yìí ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ewé ti tún rú, ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ilé-ìwòsàn Port Macquarie bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn kòálà tí ó ti sàn padà sínú igbó. Ọ̀kan nínú wọn ni abo kan tí a ń pè ní Anwen, tí iná jó nínú igbó Lake Innes. Igbó náà ni a sì dá a padà sí, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Ní ìgbà náà, ayé ti gbé ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí àjàkálẹ̀-àrùn ti dé. Àwọn tí ń ṣẹ́ ewé kò dẹ́kun ewé ṣíṣẹ́. Síbẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ náà ní láti kọ kòálà ìpínlẹ̀ Queensland àti ti New South Wales sínú ìwé àwọn ẹranko tí ó wà nínú ewu píparun. Èyí fi hàn pé aṣọ egbò nìkan kò tó. Bí a bá wo ẹranko sàn tí a sì gé igbó tí yóò padà sí, a ti fi ọwọ́ kan kọ́ ilé, a sì ti fi èkejì wó o.

Nítorí náà, sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, èsì wa ni pé àánú tí a ń ṣe fún ẹranko kì í ṣe asán, kì í sì í ṣe olè tí ń jí ti ọmọ ènìyàn. Gbèsè ni, àwa tí a ní ọwọ́ tí ó lè dáná, tí ó sì lè di egbò, ni a jẹ ẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ọmọdé kan bá mú ẹyẹ tí apá rẹ̀ dá wá sí iyàrá ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe lé e jáde pé ó ń fi àkókò ìṣirò ṣòfò. Ẹ kọ́ ọ bí a ti ń di apá náà. Ẹ kọ́ ọ láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a jẹ́ kí ẹyẹ náà lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá lè gba bílíọ̀nù 3 là kí ẹ tó gba ọ̀kan. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí tí ojú yín kò fẹ́ràn láti wò.